Títún Linux Fi Sórí Kọ̀ǹpútà Láì Pàdánù Iṣẹ́ Ẹni: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìdí iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo wà ní Òṣogbo níbí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé wá bá mi, àwọn kan láti Òkè-Fìà, àwọn kan láti ọjà Ìgbọ̀nà, tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù mọ́yà bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Mo jókòó kọ ìdáhùn wọn nítorí pé mo ti rí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó pòórá láàárín ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ mi gan-an ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ẹ ó bá a níwájú.

Kí ni partition, kí sì ni file system?

Ẹ wo dísìkì bí ilé oníyàrá púpọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni partition, èmi yóò máa pè é ní ìpín. File system ni bí a ṣe to ẹrù sínú yàrá náà: ibi tí orúkọ fáìlì wà, ibi tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Bí ẹ bá fọ́máàtì ìpín kan, ìwé tí wọ́n kọ ètò ẹrù yẹn sí ni ẹ fà ya, tí ẹ sì fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Yàrá kejì kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Lórí Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí i ti Windows, yàrá tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń gbé là ń pè ní root, àmì rẹ̀ sì ni /. Ibi tí ìwé, àwòrán àti orin yín wà ni /home. Bí àwọn méjèèjì bá ní yàrá tiwọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè wó root kí ẹ tún un kọ́ ní ọ̀sán kan, kí iṣẹ́ yín má sì mira.

Ṣé Linux yìí kì í ṣe nǹkan tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́la?

Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Finland nígbà náà, kọ́kọ́ sọ fáyé gbọ́ pé òun ń ṣe é. Ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo di olú-ìlú. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Inú mi máa ń dùn láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́.

Nígbà wo ló yẹ kí n tún Linux fi sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun mìíràn ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, àyè ló tán lórí root. Ẹ ṣí Terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ èyí:

df -h

Bí root bá ti kún dé 100%, kò ní lè kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, ojú ìwé tí ẹ fi ń wọlé sì lè má yọ rárá. Ẹ pa àwọn fáìlì ètò àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ti gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ́, ara yóò tù ú. Bí df -h bá ní àyè ṣì wà, tí kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé kò sí, ẹ tẹ df -i. Èyí ń ka iye fáìlì tí ext4, file system tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, lè gbà. Fáìlì kéékèèké lè pọ̀ títí nọ́ńbà yóò fi tán nígbà tí àyè ṣì wà.

Èkejì ni dísìkì fúnra rẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí à ń rà, dísìkì inú wọn sì lè ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ níbòmíràn kó tó dọ́wọ́ wa. Ẹ fi smartctl, ètò tó ń wo ìlera dísìkì, wò ó (sudo ń mú kí àṣẹ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára alákòóso, /dev/sda sì ni orúkọ dísìkì náà):

sudo smartctl -a /dev/sda

Tí ó bá jẹ́ dísìkì tó ń yí ni, ẹ wá ibi tó kọ Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector. Bí nọ́ńbà wọn bá ti kúrò ní òdo, tó sì ń ga sí i, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí Linux tuntun. Ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ ra dísìkì mìíràn.

Bí dísìkì bá dára, tí àyè wà, tí àtúnṣe ètò sì dáwọ́ dúró ní ìdajì, tàbí tí ẹ fẹ́ bọ́ sórí oríṣi Linux mìíràn, ìgbà náà ni kí ẹ tún un fi sí i.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú ohun gbogbo?

Ẹ kó iṣẹ́ yín sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ yọ dísìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pé kò ní ṣe nǹkan kan.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, aláàdìrẹ ni. Odindi ọdún mẹ́ta ló fi ya àwòrán àwọn aṣọ tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, fódà kan fún bátànì kọ̀ọ̀kan: Olókun, Ìbàdàndùn, àti àwọn mìíràn tí òun nìkan mọ orúkọ wọn. Linux orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tan mọ́, ó sì gbé e wá fún mi. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí láìmọye ìgbà, ìdí nìyẹn tí n kò fi fara balẹ̀. Ìpín méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, sda2 àti sda3. Mo yan sda3, mo fi àmì sínú àpótí fọ́máàtì, mo tẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi jókòó tì mí, ó ń bó ọsàn. Nígbà tí Linux tuntun tan, tí a ṣí ibi àwòrán, tí a bá a lófìfo, kò pariwo. Ó rọra gbé ọsàn náà kalẹ̀, ó ní, “Ṣé wọ́n wà níbòmíràn ni?” N kò rí èsì fọ̀.

Mo fi PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tó ti sọnù, wá àwọn àwòrán náà. Dísìkì tó ń yí ni, kì í ṣe SSD tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ ká rí nǹkan mú padà. Ká ní SSD ni, àfàìmọ̀ kí TRIM, àṣẹ tó ń jẹ́ kí SSD nu àyè tí a kò lò mọ́, má ti gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Àwòrán padà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ lórí ọ̀kankan: f0348816.jpg, f0351024.jpg, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ. Olókun dà pọ̀ mọ́ Ìbàdàndùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àǹtí mi fi ń jókòó lálẹ́, tó ń wo wọ́n níkọ̀ọ̀kan, tó tún ń sọ wọ́n lórúkọ.

Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ fi orúkọ sí àwọn ìpín rẹ̀. Tó bá jẹ́ ext4:

sudo e2label /dev/sda2 ETO
sudo e2label /dev/sda3 ISE

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ lsblk -f, ẹ ó rí orúkọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Sda2 àti sda3 jọra lójú ẹni tó ti rẹ̀. ETO àti ISE kò jọra.

Kí ni kí n fi kó iṣẹ́ mi? Fláàṣì mi ní kò gba fídíò.

FAT32, oríṣi file system kan, ni wọ́n fi fọ́máàtì fláàṣì yẹn, kò sì lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun tí à ń ṣe nínú oṣù kẹjọ, àwọn ayàwòrán máa ń gbé fídíò gígùn wá láti inú igbó Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni FAT32 ti máa ń já wọn kulẹ̀. exFAT yóò gbà á, Windows àti Linux sì mọ̀ ọ́n kà.

Ṣùgbọ́n exFAT kò mọ ẹni tó ni fáìlì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àṣẹ tó wà lórí rẹ̀. Fún àwòrán àti ìwé, ìyẹn kò léwu. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo /home bó ṣe wà, ẹ fọ́máàtì dísìkì ìta náà sí ext4, kí ẹ fi rsync kó o. Ká ní ibi tí dísìkì náà wà ni /mnt/ita:

sudo rsync -aAXH /home/ /mnt/ita/home/

Ẹ tún kó /etc, ibi tí ìtò àwọn ètò wà, dání. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ètò tí ẹ fúnra yín fi sí i, tó bá jẹ́ Debian, Ubuntu tàbí Mint ni ẹ ń lò:

apt-mark showmanual > akojo.txt

Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o tán, ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ má gbà pé ó wà níbẹ̀ láì fi ojú rí i.

File system wo ni kí n yàn fún root?

ext4. Bí ẹ kò bá ní ìdí kan pàtó tí ẹ fi fẹ́ òmíràn, ẹ yan ext4 kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. 1993 ni ext2 tí í ṣe bàbá àgbà rẹ̀ dé, ext4 fúnra rẹ̀ sì ti di ohun tí a lè gbára lé láti ìparí ọdún 2008 pẹ̀lú kernel (ọkàn Linux) 2.6.28. Fláàṣì Linux èyíkéyìí lè kà á, e2fsck tó ń tún un ṣe ti gbó sínú iṣẹ́, ẹ sì lè mú ìpín rẹ̀ tóbi tàbí kó kéré. Fún ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò pè bí nǹkan bá dàrú lóru, ìyẹn ṣe pàtàkì ju kí ó yára lọ.

Btrfs ni èkejì tí mo máa ń gbà níyànjú, fún ẹni tó bá ṣe tán láti kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Oracle ní 2007. OpenSUSE, oríṣi Linux kan, ti ń lò ó fún root láti 2014, Fedora tó jẹ́ oríṣi mìíràn sì gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn lásán ní 2020 pẹ̀lú Fedora 33. Ohun mẹ́ta ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń kọ àmì ìdánimọ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ bá tọ́jú, nítorí náà bí dísìkì bá ba fáìlì kan jẹ́ ní kọ̀rọ̀, yóò kígbe nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á dípò kó gbé èyí tó bàjẹ́ fún yín. Ó lè mú snapshot: kí ẹ tó ṣe àtúnṣe ńlá, ẹ ní kó rántí bí root ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́, bí àtúnṣe náà bá sì dàrú, ẹ padà síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó lè fún fáìlì pọ̀ pẹ̀lú zstd, èyí tó wúlò gan-an lórí SSD 128 GB tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀.

Àléébù rẹ̀ ń kọ́? Àwọn snapshot àtijọ́ ń jẹ àyè láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, df -h sì lè má sọ òtítọ́ tán fún yín. Àṣẹ btrfs filesystem usage / ni kẹ́ ẹ máa lò. Bí ẹ bá ń lo database tàbí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà lórí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ chattr +C, àṣẹ tó ń jẹ́ kí Btrfs máa kọ fáìlì lé orí ti àtijọ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ rántí jù ni pé orí dísìkì kan náà ni snapshot wà. Bí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù, snapshot bá a lọ.

XFS wá láti ilé iṣẹ́ SGI ní 1993, Red Hat sì mú un gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ láti RHEL 7, Linux tí wọ́n ń ṣe, ní 2014. Ó dára fún fáìlì ńláńlá, bí i ti àwọn tó ń gé fídíò. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dín in kù bí ẹ bá fẹ́ fún yàrá kejì láyè, nítorí náà n kì í fi í sórí láptọ́ọ̀pù.

F2FS tí Samsung ṣe, orí fóònù ni ẹ ti máa bá a jù. ZFS lágbára, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ kò jẹ́ kó wà nínú kernel Linux, iṣẹ́ sáfà (server) ló bá mu. Ní ti FAT32, exFAT àti NTFS tí Windows ń lò, ẹ má ronú wọn fún root.

Iná máa ń lọ lójijì ládùúgbò wa. Ṣé file system lè gbà mí?

Ó lè gba ètò ẹrù yín. Kí ext4 tó yí nǹkan padà nínú ètò fáìlì, ó kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí à ń pè ní journal pé, mo fẹ́ gbé èyí lọ sọ́hùn-ún. Bí iná bá lọ láàárín kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tan padà, yóò ka ìwé náà, yóò parí èyí tó kọ tán, yóò sì fi èyí tí kò kọ tán sílẹ̀. Btrfs ń gba ọ̀nà mìíràn: kì í kọ nǹkan lé orí àtijọ́, ibi tuntun ló ń kọ ọ́ sí, ìgbà tó bá parí ló tó ń tọ́ka síbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí kò jẹ́ wó ògiri àtijọ́ títí tuntun yóò fi gbẹ.

Àwọn méjèèjì kò lè gba lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ kò tíì tọ́jú. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti orí tábìlì, ẹ ra UPS.

Ohun kan wà tó léwu ju fífi Linux sí i lọ: kí iná lọ nígbà tí ẹ ń fún ìpín kan kéré tàbí tí ẹ ń sún un láti ibì kan sí ibòmíràn. Journal kò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Tí òjò bá ti ṣú, èmi kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfi kí bátìrì kún dẹ́nu.

Báwo ni kí n ṣe pín dísìkì?

30 GB sí 50 GB tó fún root, gbogbo ìyókù fún /home. Bí ẹ bá fẹ́ràn Flatpak tàbí Snap, àwọn ọ̀nà kan tí a ń gbà fi ètò sórí Linux, ẹ mú un dé 60 GB. Swap, àyè orí dísìkì tí kọ̀ǹpútà ń lò bí memory bá kún, lè jẹ́ fáìlì lásán nínú root, kò nílò yàrá tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sùn sórí dísìkì (hibernate), yàrá tirẹ̀ ló rọrùn jù.

Mo ti dé ojú ìwé tó ń béèrè ibi tí Linux yóò wọ̀. Kí ni kí n tẹ̀?

Ẹ mí kanlẹ̀ ná. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò fi lọ̀ yín ni pé kí òun pa gbogbo dísìkì rẹ́. Ẹ má gbà. Ẹ wá ibi tí yóò ti jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yàn án. Àwọn kan ń pè é ní Manual, àwọn kan ń pè é ní Something else.

Ẹ yan ìpín ETO, ẹ ní kó jẹ́ ext4, ẹ fi àmì sí fọ́máàtì, ẹ sì kọ / síbi mount point, ìyẹn ibi tí ìpín náà yóò ti hàn nínú Linux. Ẹ yan ìpín ISE, ẹ fi file system rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kọ /home, ẹ má sì fi àmì sí fọ́máàtì. Ìpín kékeré kan tún wà, FAT32, tí wọ́n ń pè ní EFI: ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ ohun tí yóò tan. Ẹ kọ /boot/efi sí i, ẹ má fọ́máàtì òun náà, nítorí bí Windows bá wà lórí dísìkì yẹn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò to gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀. Èmi máa ń pe ọmọ iṣẹ́ mi kó ka ojú ìwé yẹn sókè sí mi létí, ìpín kan tẹ̀ lé èkejì, kí n máa fi ìwé tí mo kọ wé e. Bí kò bá sí ọmọ iṣẹ́, ẹ pe ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ojú kejì máa ń rí ohun tí ojú tó ti rẹ̀ fò kọjá.

Windows wà lórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker, àgádágodo tí Windows ń fi sí dísìkì, sílẹ̀, kí ẹ sì pa Fast Startup. Bí Fast Startup bá wà lójúfò, Windows kì í kú tán, Linux kò sì ní lè kọ nǹkan sórí ìpín rẹ̀. Bí ẹ kò bá wá rí Windows nínú GRUB, ojú ìwé tí ẹ ti ń yan ètò tí yóò tan, lẹ́yìn náà, ó ṣì wà. Láti GRUB 2.06 ní 2021 ni wọ́n ti pa os-prober tó ń wá a. Ẹ ṣí /etc/default/grub, ẹ kọ èyí sí i, kí ẹ tẹ sudo update-grub:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false

Linux tuntun ti tan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n ṣí fáìlì ara mi.

Linux ò mọ orúkọ yín, nọ́ńbà ló mọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ 1000, ẹnì kejì 1001. Bí ẹ̀yin àti ìyàwó yín bá jọ ń lò ó, tí ẹ sì kọ́kọ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ni fáìlì yín báyìí. Orúkọ àtijọ́ ni kí ẹ tún lò, bí ẹ ṣe tò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ sì tò. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ká ní bisi ni orúkọ yín:

sudo chown -R bisi:bisi /home/bisi

Ó ń dúró fún bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ kó tó tan.

Ó ń wá ìpín tí kò sí mọ́. Gbogbo ìpín tí a bá fọ́máàtì ń gba UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tuntun, /etc/fstab, ìwé tí Linux fi ń mọ ìpín tí yóò ṣí, sì lè ṣì máa tọ́ka sí ti àtijọ́. Ti swap ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ tẹ sudo blkid, kí ẹ fi wé ohun tó wà nínú fstab.

Kí ló dé tí ext4 fi jẹ nínú àyè mi?

Ó ń fi 5% pamọ́ fún root, ìyẹn alákòóso kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ìpín root. Lórí ìpín ètò, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí /home tó jẹ́ 500 GB, 25 GB nìyẹn. Àṣẹ sudo tune2fs -m 1 /dev/sda3 yóò dá 20 GB padà fún yín.

Mo ń fi àmì ohùn kọ orúkọ fáìlì mi. Ṣé yóò dà á rú?

Rárá, ẹ máa kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀. Orúkọ fáìlì kò lè ju báìtì 255 lọ lórí ext4, XFS tàbí Btrfs, àwọn lẹ́tà wa sì ń jẹ ju báìtì kan lọ. Ọ̀ṣun jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lójú wa, báìtì mẹ́wàá ni lójú dísìkì.

Èkejì ló máa ń da ènìyàn láàmú. Ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ̀: bọ́tìnnì kan lè fi o àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ṣe ẹyọ kan, òmíràn á kọ o, á wá kan àmì mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀. Lójú, wọn kò yàtọ̀. File system kì í wo ojú lẹ́tà, báìtì ló ń wò, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ka wọ́n sí. Nígbà tí àǹtí mi ń tún orúkọ àwòrán rẹ̀ kọ, díẹ̀ lórí fóònù, díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé fódà Olókun ti di méjì, ìdajì aṣọ wà nínú ọ̀kan, ìdajì wà nínú èkejì. Mo kọ́kọ́ rò pé dísìkì ló tún bàjẹ́. convmv, ètò tó ń tún ọ̀nà tí a gbà kọ orúkọ fáìlì ṣe, ló bá wa yanjú rẹ̀, láti inú fódà tí gbogbo wọn wà:

convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r .

Bẹ́ẹ̀, yóò kàn fi ohun tó fẹ́ yí padà hàn yín ni. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi --notest kún un kó tó ṣe é gan-an. Ó lè sọ pé òun kò ní fọwọ́ kan orúkọ kan nítorí pé irú rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Bó ṣe sọ fún wa nípa Olókun nìyẹn. A fi ọwọ́ kó ohun inú ọ̀kan sínú èkejì, àǹtí mi ka àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí n pa fódà tó ṣófo rẹ́.